Ẹ Jẹ́ Kí Apẹ̀rẹ̀ Kérésìmesì Wa Ti Ọwọ́ Onílé Wá

Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn olórí ìjọ, olórí ẹgbẹ́, ọ̀gá ilé iṣẹ́ àti gbogbo ìdílé Yorùbá tó wà ní Monrovia

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi,

Òjò ti ń palẹ̀ mọ́, ọ̀gbẹlẹ̀ ti ń wọlé bọ̀. Láìpẹ́, àwọn ilé ìtajà ńlá ní Sinkor àti Randall Street á bẹ̀rẹ̀ sí í to hámpà sí ẹnu ọ̀nà wọn. Àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ á máa kọ orúkọ àwọn oníbàárà tí wọ́n fẹ́ fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí, ẹgbẹ́ ìyá inú ìjọ á máa dáwó jọ, baálé ilé á sì máa ṣírò ohun tí ọdún máa ná an. Kí owó yẹn tó kúrò lọ́wọ́ yín ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò ju ẹyọ kan lọ. Kí apẹ̀rẹ̀ ẹ̀bùn tí àwa ọmọ Yorùbá máa gbé fún ara wa àti fún aládùúgbò wa lọ́dún yìí jẹ́ èyí tí wọ́n fi ọwọ́ hun ní Làìbéríà, kí oúnjẹ inú rẹ̀ jẹ́ oúnjẹ tí àgbẹ̀ Làìbéríà gbìn, kí ọ̀rá má sì sí lára rẹ̀. Bí a bá ṣe é bẹ́ẹ̀, owó tí à ń ná sórí ẹ̀bùn kan á dín kù, iye ènìyàn tí ẹ̀bùn máa kàn á pọ̀ sí i, àwọn tó gbà wá lálejò á rí jẹ nínú ọdún wa, a ò sì ní í bá wọn dí ojú àgbàrá.

Gbogbo wa la mọ bí Kérésìmesì ṣe ń rí ní ìlú yìí. Tí oṣù Kejìlá bá ti wọlé báyìí, ẹnu gbogbo ènìyàn ni "My Christmas on you" á wà. Olùṣọ́ ẹnu géètì á sọ ọ́, ọmọ tó ń ta omi lójú títì á sọ ọ́, ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ á sọ ọ́ nígbà tó bá ń fún yín ní ṣéńjì. Wọ́n ń sọ fún wa pé ọ̀dọ̀ wa ni ọdún àwọn wà. Old Man Bayka náà á jáde, ọkùnrin tó bojú, tó kó àkísà wọ̀, tó ń jó láti àdúgbò dé àdúgbò, tí àwọn ọmọdé á máa lu agolo tẹ̀ lé lẹ́yìn. Nílẹ̀ àwọn òyìnbó, Bàbá Kérésì ló ń gbé àpò ẹ̀bùn kiri. Ní Làìbéríà, ọwọ́ ni bàbá tiwọn ń nà, tó ń ní kí ẹni tó bá ní fún òun.

Ẹ̀kọ́ tí èyí kọ́ mi ni pé ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló ń retí nǹkan lọ́jọ́ ọdún. Olùṣọ́ ń retí, ẹni tó ń bá wa fọṣọ ń retí, olùkọ́ àwọn ọmọ wa ń retí, aládùúgbò tó bá wa sáré gbé ọmọ lọ sí ọsibítù lóru náà ń retí, bí kò tilẹ̀ la ẹnu. Hámpà ńlá kan ṣoṣo, tí a fi owó gọbọi rà, tí a wá gbé lọ fún ẹni tó ti to irú rẹ̀ mẹ́wàá jọ sí pálọ̀, kò dá ẹnikẹ́ni nínú àwọn wọ̀nyí lóhùn. Ẹ̀bùn tí kò pọ̀ jù, tó dára, tó sì kárí, ni ìlú yìí ń bèèrè lọ́wọ́ wa. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kò sí ìtìjú nínú kí a fún ènìyàn ní ohun tí agbára wa gbé, bí ohun náà bá ti wúlò fún un.

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀kan nínú àwọn hámpà tí à ń rà wò. Ọ̀rá tó ń dán ló wà lókè, tí wọ́n fi ríbọ́ọ̀nù so lọ́rùn. Tí ẹ bá já a, ẹ ó rí àwọn ẹrù náà tí wọ́n dúró ṣánṣán bí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà: ìgò wáìnì kan, agolo bisikíìtì, agolo mílíìkì, páálí cornflakes, ìgò jáàmù, súìtì. Ẹ yọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí i pé orí òfìfo ni wọ́n dúró sí. Páálí tí wọ́n ká pọ̀ àti bébà tí wọ́n gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ ló gba ìdajì apẹ̀rẹ̀ náà, kí ẹrù lè yọrí sókè, kí ojú lè rò pé ó pọ̀. Ẹ ṣí agolo bisikíìtì, ẹ ó bá ọ̀rá nínú rẹ̀. Ẹ ṣí páálí cornflakes, ọ̀rá tún nìyẹn. Súìtì kọ̀ọ̀kan wọ ọ̀rá tirẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ náà fúnra rẹ̀, ike ni lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ẹ bá kó ohun tó ṣeé jẹ sápá kan, tí ẹ kó ohun tó máa lọ sí ààtàn sápá kejì, ẹ ó rí èyí tó ga jù.

Gbogbo ẹrù wọ̀nyẹn ló gba èbúté Freeport wọlé. Owó ọkọ̀ òkun wà nínú iye tí ẹ san, owó ibodè wà níbẹ̀, èrè alágbàtà àti ti onílé ìtajà wà níbẹ̀, owó ọ̀ṣọ́ náà sì wà níbẹ̀. Ìgbà mìíràn, ọjà tí àsìkò rẹ̀ ti fẹ́ kọjá ni wọ́n ń fi àkókò ọdún tà kúrò nílẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan ti gbé irú rẹ̀ fún mi rí: nígbà tí mo wo ìdí agolo, oṣù tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni oṣù tí a wà gan-an. Ẹni tó rà á kò mọ̀, kò sì ní èrò burúkú sí mi. Ó kàn sanwó fún ohun tó ń dán ni. Àgbẹ̀ tó wà ní Lofa, obìnrin tó ń fún epo ní Bong, ọkùnrin tó ń hun apẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá títì, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kọ́bọ̀ rẹ̀ kàn.

Ọ̀rá ọ̀hún ńkọ́? Ọ̀rá oṣù Kejìlá kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan nínú oṣù Kejìlá. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni, ilẹ̀ gbẹ, a sì lè gbá a sápá kan. Apá kan á lọ sí ààtàn ìjọba ní Whein Town, tó wà láàárín ibi tí àwọn ènìyàn ń gbé ní Paynesville, tó ti kún débi pé ìjọba ní láti lọ ṣètò òmíràn sí Cheesemanburg. Apá kan á jóná nínú ọgbà ilé, àwọn ọmọ wa á sì máa fa èéfín rẹ̀ símú. Ìyókù á wọ gọ́tà, á dùbúlẹ̀ síbẹ̀, á máa dúró de òjò.

Òjò Monrovia kì í sì í ṣe òjò ṣeréṣeré. Omi tó ń rọ̀ sí ìlú yìí lọ́dún ju 4,000 mílímítà lọ, ó ju ìlọ́po méjì ti Èkó. Kò pọ̀ lára olú ìlú àgbáyé tí òjò ń pa tó báyìí. Láti oṣù Karùn-ún títí wọ oṣù Kẹwàá ni omi ń wá ọ̀nà dé òkun. Níbi tí ọ̀rá bá ti dí i mọ́lẹ̀, ilé ènìyàn ló ń yà sí. Ẹ bi àwọn tó ń gbé Clara Town, Doe Community àti West Point léèrè, wọ́n á sọ bí wọ́n ṣe ń gbé ibùsùn sórí búlọ́ọ̀kù lóṣù Keje. Èyí tí omi bá gbé kọjá á lọ sí odò Mesurado àti irà tó yí i ká, níbi tí ẹja ti ń yé ẹyin sí lábẹ́ igi ẹ̀gbà. Ní ọdún 2006 ni wọ́n ti kọ irà Mesurado mọ́ àwọn ibi olómi tí àdéhùn Ramsar dáàbò bò káàkiri àgbáyé. Àwọn apẹja tó ń fi ibẹ̀ jẹun mọ iye ọ̀rá tó ń bá àwọ̀n wọn gòkè.

Kì í ṣe hámpà nìkan ló ń dí gọ́tà o. Ọ̀rá omi tí à ń mu lójoojúmọ́ pọ̀ jù ú lọ fíìfíì. Àmọ́ òùngbẹ ló ń mú wa ra omi. Kò sí òùngbẹ kankan tó ní ká fi ọ̀rá wé ẹ̀bùn. Ohun tí a lè fi sílẹ̀ láìsí ìnira ló yẹ ká kọ́kọ́ fi sílẹ̀.

Níbòmíràn, wọ́n ti gbọ́n sí i. Láti ọdún 2008 ni Rwanda ti lé àpò ọ̀rá kúrò ní ìlú. Nílé wa náà, nínú oṣù Kìíní ọdún 2024, Kọmíṣọ́nnà fún ọ̀rọ̀ àyíká ní Ìpínlẹ̀ Èkó, Tokunbo Wahab, kéde pé wọn ò gbọdọ̀ lo ike funfun tí wọ́n fi ń di oúnjẹ mọ́, nítorí pé òun ló kún gbogbo kánáà Èkó. Bí Èkó bá lè bẹ̀rẹ̀, àwa tí a ti Èkó, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Òṣogbo wá síbí náà lè bẹ̀rẹ̀.

Kí ni kí a wá fi rọ́pò rẹ̀? Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ràn jù nìyí, nítorí pé ọjà Monrovia kún fún ìdáhùn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí apẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ ń rí àwọn tó ń fi pankẹ́rẹ́ ṣe àga àti tábìlì lẹ́bàá títì. Bí ẹ bá dúró wò wọ́n, ẹ ó rí iṣẹ́ ọwọ́. Ọkùnrin náà á mú pankẹ́rẹ́ gígùn, á fi ọ̀bẹ ha ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, á là á sí méjì tàbí mẹ́rin láìjẹ́ kó ṣẹ́, á rẹ ẹ́ sínú omi kó lè rọ̀. Á to àwọn èyí tó nípọn ní àgbélébùú fún ìdí apẹ̀rẹ̀, á wá máa fi èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ hun ún yípo, lókè, nísàlẹ̀, lókè, nísàlẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ ò ní í dúró bó tilẹ̀ ń bá yín sọ̀rọ̀. Tó bá parí, á fi iná rà á lára fẹ́ẹ́rẹ́ kí gbogbo irun ara rẹ̀ lè jó dànù. Apẹ̀rẹ̀ yìí á lọ sọ́jà fún ọdún mélòó kan, á gbé àlùbọ́sà nílé ìdáná, á sì kó aṣọ ọmọ. Ọjọ́ tó bá gbó, ó di igi ìdáná tàbí kó jẹrà padà sínú ilẹ̀. Bí owó yín kò bá ká pankẹ́rẹ́, atẹ tí wọ́n fi ń fẹ́ ìrẹsì wà, kínjà tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ hun wà, àwọn tí wọ́n ń fi gbé ẹrù láti oko ní Nimba àti Lofa.

Lẹ́yìn apẹ̀rẹ̀ ni ìrẹsì, òun sì ni ọba nínú ẹ̀bùn ní ìlú yìí. Ìrẹsì tí ará Làìbéríà kan ń jẹ lọ́dún ju 100 kílò lọ. Ọ̀rọ̀ ìrẹsì ti mi ìjọba rí níbí: ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 1979, nígbà tí ìjọba Ààrẹ William Tolbert fẹ́ fi kún iye rẹ̀, àwọn ènìyàn tú jáde ní Monrovia, ẹ̀mí ṣòfò, wọ́n sì fọ́ ilé ìtajà. Ìjọba náà kò pé ọdún kan sí i kó tó ṣubú. Síbẹ̀, títí di òní, láti òkè òkun, pàápàá láti Íńdíà, ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìrẹsì tí à ń jẹ níbí ti ń wá. Ìrẹsì ilẹ̀ yìí tí wọ́n ń pè ní country rice, oṣù Kẹwàá àti Kọkànlá ni wọ́n ń kórè rẹ̀. Nígbà tí Kérésìmesì bá fi máa dé, tuntun ni, òórùn rẹ̀ ń ta sánsán láti inú ìkòkò. Ẹni tó jẹ ọ̀fadà nílé kò nílò kí n ṣàlàyé ìyàtọ̀ rẹ̀ fún un.

Ẹ wá fi epo pupa tì í. Ẹ bù ú sínú ìgò tí a ti fọ̀, tí a sì ti sá gbẹ. Ẹ fi ẹ̀pà yíyan sínú ìgò bí a ṣe ń ṣe nílé, ẹ fi ata gbígbẹ sí i, ẹ fi ẹja gbígbẹ sí i, ẹ fi oyin ìgò kékeré kan sí i. Gàrí ń bẹ, tí wọ́n ń pè ní farina níbí. Kanyan ń bẹ fún àwọn ọmọdé, èyí tí wọ́n fi ìrẹsì yíyan, ẹ̀pà àti ṣúgà gún, tó ń yọ́ lẹ́nu. Bí ẹ bá rí kọfí tí wọ́n gbìn ní Làìbéríà, ẹ fi kún un, nítorí orúkọ orílẹ̀-èdè yìí ni ayé fi ń pe irú kọfí tó ti ibí wá, ìyẹn Liberica. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń pọ́n bọ̀, ọsàn mélòó kan, ata ilẹ̀ tútù, gbogbo rẹ̀ ń fi ẹwà kún apẹ̀rẹ̀ láìgba ríbọ́ọ̀nù.

Ẹ wo bí ẹ ó ṣe dì í. Ìrẹsì ló wúwo jù, ìsàlẹ̀ ni kó wà, nínú àpò tí a fi aṣọ rán. Àwọn télọ̀ ní àjákù aṣọ rẹpẹtẹ tí wọ́n ń dà nù. Ọmọge tó bá mọ ẹ̀rọ ìránṣọ tẹ̀ lè rán ogún àpò láàárọ̀ kan. Àwọn ìgò á tẹ̀ lé e, kí wọ́n dúró sí ẹ̀gbẹ́ apẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a rà níná sí àárín wọn kí wọ́n má baà kan ara wọn. Ata àti ẹja gbígbẹ gbọ́dọ̀ rí oòrùn dáadáa kí wọ́n tó wọ inú bébà, nítorí ọ̀rinrin ló ń bà wọ́n jẹ́. Èso á wá wà lókè. Níparí, ẹ fi aṣọ bò ó, ẹ so ó ní kókó méjì. Ẹni tó bá lágbára lè fi aṣọ lápà méjì láti ọjà Waterside dì í, ìbòrí náà á sì di ẹ̀bùn fún ìyàwó ilé. Ẹni tí kò bá ní, àjákù aṣọ tó mọ́ tónítóní tó.

Nípa owó, ẹ gbé iye tí ẹ fẹ́ ná kalẹ̀ kí ẹ tó jáde nílé, ẹ má jẹ́ kí ojú ọjà gbé yín lọ. Àbá mi ni pé kí ìdajì lọ sórí ìrẹsì àti epo, kí ìdá kan nínú mẹ́rin jẹ́ ti apẹ̀rẹ̀, kí ìdá kan tó kù ra àwọn nǹkan kéékèèké. Ẹ má ra ìrẹsì ní ife-ife, owó rẹ̀ máa ń pọ̀ jù. Kí ẹgbẹ́ tàbí ìdílé mẹ́rin, márùn-ún para pọ̀, kí wọ́n ra àpò ìrẹsì àti kẹ́ẹ̀gì epo, kí wọ́n sì pín in, bí a ṣe ń ṣe nílé nígbà tí ìnáwó bá dé. Kí ẹ lọ sí Paynesville, níbi tí ọkọ̀ Gbarnga, Ganta àti Voinjama ti ń já ẹrù, kí alágbàtà tó fọwọ́ kàn án. Bí a bá sì ń gúnyán nínú ewé, tí à ń sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní oníbàárà ilé iṣẹ́ àwọn ń retí wáìnì àti ṣokoléètì, pé bí àwọn bá gbé ìrẹsì àti epo lọ, wọ́n á pe àwọn ní ahun. Ẹ jẹ́ ká rò ó dáadáa. Ọ̀gá tó gba wáìnì mẹ́wàá kò rántí ẹni tó fún un ní èkẹrin. Àmọ́ ìrẹsì tuntun láti Lofa, nínú apẹ̀rẹ̀ tó lẹ́wà, tí káàdì kékeré kan sọ ibi tí wọ́n ti gbìn ín àti ẹni tó hun apẹ̀rẹ̀ náà, á yàtọ̀ láàárín gbogbo èyí tó kù. Ó sì tún ní ohun kan tí wáìnì kò ní: gbogbo ilé ló lè wọ̀. Àwa Yorùbá mọ̀ pé inú ìdílé kan náà ni Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ti ń jẹun, bẹ́ẹ̀ náà ni Monrovia rí. Aládùúgbò wa tó jẹ́ Mandingo tàbí Vai, tó ń bá wa yọ̀ lọ́jọ́ ọdún, kò ní láti yọ ohunkóhun dànù nínú apẹ̀rẹ̀ ìrẹsì, epo, ẹ̀pà àti oyin.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn wá pé ọ̀rá ló ń fi ọ̀wọ̀ hàn. Ìgbà wo ni ọ̀rá dé ọ̀dọ̀ wa? Igbá fífín láti Ọ̀yọ́ ni àwọn ìyá wa fi ń gbé ẹ̀bùn lọ sílé àna, wọ́n á fi aṣọ funfun bò ó, ọmọge á sì kúnlẹ̀ gbé e kalẹ̀. Agbọ̀n ni wọ́n fi ń di obì, ewé ni wọ́n fi ń di ẹ̀kọ àti ẹran. Gbogbo rẹ̀ padà sínú ilẹ̀, ilẹ̀ kò sì ráhùn. Bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fín igbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Àṣà náà ṣì wà lọ́wọ́ wa bí a bá fẹ́ ẹ.

Nítorí náà, mo fẹ́ bẹ̀ yín lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin olórí ìjọ, àti ẹ̀yin ìjọ tó ti Nàìjíríà wá bí Redeemed àti Winners, ẹ̀ ń pín oúnjẹ fún opó àti aláìní lọ́dọọdún, Ọlọ́run á máa bù kún yín. Ẹ kéde láti orí pẹpẹ pé apẹ̀rẹ̀ ọdún yìí kò ní í ní ọ̀rá. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ ìyá ra ọjà pọ̀, kí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ rán àpò aṣọ, kí àwọn ọmọ Sunday School kọ káàdì. Lẹ́yìn ọdún, ẹ gba apẹ̀rẹ̀ padà lọ́wọ́ ẹni tí kò bá nílò rẹ̀, kí ó lè wúlò fún ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé iṣẹ́, àti ẹ̀yin báńkì tó ti ilé wá bí UBA àti GTBank, tí ẹ ní ẹ̀ka níbí, ẹ̀yin lẹ lè ra ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ bá àwọn ahunpẹ̀rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ọdún, ẹ san àsansílẹ̀ fún wọn kí wọ́n lè ra pankẹ́rẹ́, ẹ má sì ná wọn títí tí èrè á fi tán lọ́wọ́ wọn. Bí ẹ bá fẹ́ kí àmì ilé iṣẹ́ yín hàn, ẹ tẹ̀ ẹ́ sára àpò aṣọ tí ènìyàn á máa gbé lọ sọ́jà ní gbogbo ọdún.

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ àti ẹ̀yin ìyálọ́jà wa, ẹ̀yin lẹ mọ ojú ọjà. Ẹ mú àwọn ọmọ wa mọ àwọn obìnrin inú Liberia Marketing Association, kí a lè máa rà lọ́wọ́ wọn tààrà. Àwọn obìnrin yìí ló bọ́ ìlú yìí nígbà ogun abẹ́lé, tí wọ́n ń gba àárín ìbọn lọ gbé oúnjẹ wá. Nígbà tí ogun parí, wọ́n dá Sirleaf Market Women's Fund sílẹ̀ ní ọdún 2007 láti tún ọjà kọ́ fún àwọn obìnrin náà. Owó tí a bá ná lọ́dọ̀ wọn lóṣù Kejìlá ni wọ́n á fi san owó ilé ìwé ọmọ lẹ́yìn ọdún.

Bí lẹ́tà yìí bá sì dé etí Monrovia City Corporation, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá ààyè fún àwọn ahunpẹ̀rẹ̀ àti àwọn tó ń ta oúnjẹ oko láàárín ìlú nínú oṣù Kejìlá, níbi tí oòrùn kò ti ní í pa wọ́n jù, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní í lé wọn. Kí wọ́n gbé ohun tí a ó máa da ìdọ̀tí sí sí ẹnu ọjà ńláńlá, kí wọ́n sì kó gọ́tà kí oṣù Karùn-ún tó dé.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, àlejò ni wá níbí, àmọ́ a kì í ṣe àlejò òní. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún 1990 tí ECOMOG, àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó wá pẹ̀tù sí ogun náà, gúnlẹ̀ sí Freeport, ọmọ Nàìjíríà ló pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ogun náà, àwọn mìíràn kò sì padà délé. Láti ìgbà náà ni àwọn kan nínú wa ti fi ìlú yìí ṣe ilé, tí a bímọ síbí, tí a ń tajà, tí a ń jọ́sìn. A ti bá Monrovia jẹ nínú ìyà, a sì ti ń bá a jẹ nínú adùn. Ó yẹ kí ẹ̀bùn wa fi hàn pé a mọ ilé tí a wà. Bí ìdílé kọ̀ọ̀kan bá lè ṣe apẹ̀rẹ̀ kan péré báyìí, tí ìjọ kọ̀ọ̀kan ṣe ogún, tí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ọgọ́rùn-ún, ahunpẹ̀rẹ̀ á mọ̀ pé ọdún dé, àgbẹ̀ á mọ̀, ọmọ olùṣọ́ á sì jẹ ìrẹsì tuntun.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ lọ bèèrè iye apẹ̀rẹ̀ kan lọ́wọ́ ẹni tó ń hun ún ní àdúgbò yín, kí ẹ sì sọ iye tí ẹ máa gbà fún un kó lè múra sílẹ̀.

Ọdún á yabo fún gbogbo wa. Àṣèyí ṣàmọ́dún o.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ Yorùbá kan ní Monrovia